Ehoro Ni, Kì í Ṣe Ológbò

Àlàmísì, 3 Júláì

Òjò láti ìdájí. Mo kó koríko tí mo já lánàá wọ inú ilé, mo sá a sórí àga àti sórí tábìlì, mo tan fáànù sí i. Koríko tútù ni ikú ehoro. Inú rẹ̀ á wú, á ká jọ sí kọ̀rọ̀ kan, kí èèyàn tó mọ ohun tó ń ṣe é, ó ti gan.

Mọ̀dínátù ọmọ mi pè láti Dópémú. Ó béèrè ohun tó ń pariwo létí mi bẹ́ẹ̀. Mo ní fáànù ni, mo ń fi fẹ́ yúnyun, koríko ehoro mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ohun tó tìtorí ẹ̀ pè.

Ọ̀rọ̀ wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀ ni. Qonitah ti ka Kùránì parí, Alfa Abdulsobur sì ti mú ọjọ́: Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, níwájú ilé mi níbí ní Ìgàndó, nítorí yàrá tiwọn ní Dópémú kò gbèrò. Ó ní òun ti ń béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹran màlúù. Mo ní kí ó má béèrè mọ́. Ehoro mi ni a ó pa.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó dáadáa."

Mo ní mo ti rò ó. Nígbà tí èmi ka Kùránì tèmi parí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹran tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ sìn ló pa fún èrò jẹ. Kò rà á. Èmi náà kò ní í ra ti ọmọ ọmọ mi. Ó ní bí àwọn èèyàn kò bá wá jẹ ehoro ńkọ́? Mo ní bí wọn kò bá jẹ ẹ́, kí ó ta ehoro tó bá kù, kí ó ta kéèjì wọn, kí èmi náà sì kó ẹrù mi wá máa bá a gbé ní Dópémú, bó ṣe ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

Àbámẹ́ta, 5 Júláì

N kò sùn tó. Ta ló rán mi níṣẹ́ ẹnu?

Àtìní, 7 Júláì

Abo dúdú ń gbọn orí, ó ń fi ẹsẹ̀ ha etí. Mo yẹ etí náà wò, ìdọ̀tí pupa kan ti dì sínú rẹ̀ bí ìpẹ́. Mo yọ́ àdí, mo jẹ́ kó tutù díẹ̀, mo fi òwú kán an sí i. Ó ha mí lápá dé ìgúnpá. Ó dára náà. Ehoro tó ṣì lágbára láti ha èèyàn kò tíì ṣetán láti kú.

Bí mo ṣe gbójú sókè, ológbò Ìyá Princess, aládùúgbò mi, ni mo rí lórí fẹ́ńsì, ó jókòó bí ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá, ó ń wo àwọn ọmọ ehoro. Sísí ni wọ́n ń pè é. Mo sọ sálúbàtà mi sí i. Kò bà á. Sálúbàtà ré fẹ́ńsì kọjá, ó bọ́ sínú omi tí Ìyá Princess fi ń ṣan sùtánà ìjọ wọn.

Àṣìṣe lèyí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó mú sálúbàtà náà wá, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Mọ̀dínà, Sísí ò ṣẹ̀ yín o. Eku tí oúnjẹ ehoro yín ń pè wá sádùúgbò ló ń bá wa lé."

Mo ní eku ti wà nínú ilé rẹ̀ kí n tó fojú kan ehoro. Mo tún ní bí kò bá so ológbò rẹ̀ mọ́lẹ̀, ohun tí ojú ológbò náà bá rí, kó má bi mí.

Obìnrin kan tó ń gba fóònù lójú títì dúró, ó gbọ́ ọ.

Àlàrúùbá, 16 Júláì

Ọ̀gbẹ́ni Adéwọlé, alága ẹgbẹ́ onílé wa, wọlé tòun ti áńkáṣíìfù nímú. Ó ní àwọn èèyàn ń ráhùn òórùn. Mo bi í pé àwọn èèyàn wo. Ó ní àwọn èèyàn ṣá. Mo ní kí ó dúró kí atẹ́gùn fẹ́. Kò pẹ́, atẹ́gùn fẹ́ láti ọ̀nà Solous níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí Èkó sí, òórùn ààtàn bò wá mọ́lẹ̀ tèmi tirẹ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ehoro mi ló yàgbẹ́ ìyẹn náà.

Ó lọ. Mo wá pọn omi, mo da oògùn ìsàálì sí i, mo fọ abẹ́ gbogbo kéèjì lẹ́ẹ̀mejì, torí kí a sòótọ́, òórùn díẹ̀ wà.

Àìkú, 20 Júláì

Abo aláwọ̀ eérú bímọ. Gbogbo wọn wà láàyè, pupa bẹ̀lẹ̀jẹ̀ bí ìka ọmọ tuntun. Ó ti fa irun àyà ara rẹ̀ tu láti fi tẹ́ wọn, ó fà á ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kó ìyókù irun náà sínú àpótí ìbímọ kejì, mo gbé e sínú balùwẹ̀ àtijọ́ lẹ́yìn ilé, mo da tapólì bò ó. Abo dúdú yóò lò ó tí ó bá di nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ́gọ́ọ̀sì.

Àwọn wọ̀nyí kò ní í tó pa fún wòlímọ̀. Àwọn tó ti dàgbà ni a ó pa. Mo tún lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan sanra. Àwọn kan ń ṣe mí bíi pé wọ́n ń rù nítorí kí wọ́n lè dójú tì mí.

Jímọ̀, 25 Júláì

Mo rò ó pé bí àdúgbò bá tọ́ ọ wò ṣáájú, ẹnu á mọ́ wọn lára kó tó di ọjọ́ náà. Nítorí náà mo pa akọ méjì lẹ́yìn ìrun.

Qonitah ti fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òyìnbó. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ kọ́kọ́ fi igi gbá ehoro náà lẹ́yìn ọrùn. Mo pa fídíò náà níbẹ̀. Ẹran tí igi bá pa, òkúǹbete ni, kò sí Mùsùlùmí tó máa fi ẹnu kàn án. Mo kọjú tèmi sí gábàsì, mo dá Bísímílà, mo dúńbú wọn.

Ṣùgbọ́n ibi tó kù, mo tẹ̀lé ọkùnrin náà. Kò wí i níná rárá. Ó bó awọ rẹ̀ bí ẹni bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn ọmọ, ó gé orí, ó gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó da ìfun nù. Ẹran náà wá mọ́ tónítóní bí èyí tí wọ́n ń tò sínú fíríìjì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn olówó. Mo ṣe tèmi bẹ́ẹ̀. Mo wé wọn sí láílọ́ọ̀nù funfun. Odidi kan lọ sílé Alága. Odidi kan lọ sọ́dọ̀ Ìyá Princess, kí ọ̀rọ̀ sálúbàtà lè tán nílẹ̀. Kò sí nílé, mo fún ọmọ rẹ̀.

Alága pè mí lálẹ́. Ó ní ó dùn, pé ṣé ó ṣì kù.

Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí gbẹ̀yìn. Ìyẹn náà ń kọ mí lóminú.

Àbámẹ́ta, 26 Júláì

Mo ń bomi fún wọn láàárọ̀ nígbà tí Ìyá Princess já wọlé, láílọ́ọ̀nù mi lọ́wọ́ rẹ̀, èrò lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Mọ̀dínà, kí lẹ gbé wá sílé mi?"

Mo ní ehoro ni.

"Ehoro tí ò lórí? Ehoro tí ò létí?" Ó na ẹran náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Ẹ wo bó ṣe gùn. Ẹ wo itan ẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń wá Sísí mi. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ lójú mi níbí pé ohun tójú ẹ̀ bá rí kí n má bi yín."

Obìnrin tó ń gba fóònù níjọ́sí wà láàárín wọn. Ó ní òun gbọ́ ọ.

Mo wo ẹran náà. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó jọ ológbò.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú orí àti awọ rẹ̀ wá. Mo sáré dé ẹ̀yìn ilé kí n tó rántí pé àwọn akólẹ̀ ti kó àpò ìdọ̀tí lọ ní ìdájí. Ẹ̀rí mi ti ń lọ sí Solous.

Nígbà tí mo padà lọ́wọ́ òfo, ìyá kan pòṣé. Ìyá Princess kò bú mi. Ó gbé ẹran náà sórí kéèjì, ó nu ojú, ó lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

Àìkú, 27 Júláì

Ọmọ kékeré kan kí mi lójú ọ̀nà mọ́sálásí: "Bàbá Ológbò, ẹ káàárọ̀ sà." Kò fi bú mi. Ó rò pé orúkọ mi nìyẹn.

Àtìní, 28 Júláì

Alága dé, áńkáṣíìfù kò sí nímú rẹ̀ lónìí, ikùn ló dì mú. Ó ní inú ti ń run òun láti àná, látìgbà tí òun ti gbọ́ ohun tí òun jẹ. Mo rán an létí pé ó pè mí lálẹ́ Jímọ̀ pé ó dùn. Ó ní ìyẹn kọ́ la ń sọ. Ohun tí ẹgbẹ́ sọ ni pé kí kéèjì kúrò nínú ọgbà mi kí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, kí àlàáfíà lè jọba.

Mo ní kí ó bá mi kí ẹgbẹ́. Kí ó sọ fún wọn pé wòlímọ̀ ọmọ ọmọ mi bọ́ sí ọjọ́ tí oṣù náà parí gan-an, ehoro ni a ó fi ṣe é, gbogbo wọn ni mo sì pè.

Mọ̀dínátù dé lọ́sàn-án tòun ti Qonitah. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Dópémú. Ó jókòó tì mí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ra màlúù, kí ìtìjú náà mọ síbi tó mọ. Ó ní òun kò tilẹ̀ ní í mẹ́nu kan Dópémú.

Ìyẹn ló dùn mí jù, pé kò ní í mẹ́nu kàn án.

Mo ní màlúù kò ní í wọ ilé yìí. Qonitah tó ń fi ewé ànàmọ́ bọ́ ehoro kò yíjú padà tó fi sọ pé, "Mo ti sọ fún gbogbo kéú wa pé ehoro ni. Wọ́n ní ṣé ó máa ń sunkún bí ọmọ."

Mo ní rárá. Èmi ni mo ń ṣe ìyẹn.

Àlàmísì, 31 Júláì

Àpò oúnjẹ ehoro tún ti gbówó lórí. Àlájà tó ń tà á ní Ìkòtún ní dọ́là ló fà á. Mo ní ṣé dọ́là ni ehoro ń jẹ ni?

Àtàláátà, 5 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀kan nínú àwọn akọ tó sanra jù kú láàárọ̀. Inú rẹ̀ le bí ìlù. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ju májèlé sí i ni. Mo ti ń ro orúkọ àwọn tó lè ṣe é nígbà tí mo rí i pé ewé tí mo gbé sí kọ̀rọ̀ yẹn lánàá kò gbẹ. Èmi ni. Mo sá a fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé ó ti gbẹ, torí pé ọ̀rọ̀ ológbò ni mo ń rò.

N kò lè jù ú sí ìdọ̀tí. Mo gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Bí mo ṣe ń gbẹ́ ẹ ni mo rí orí méjì tó yọ lókè fẹ́ńsì lódì kejì tí wọ́n ń wò mí. Mo gbé ehoro náà sókè ní etí. Mo ní, "Ẹ wò ó dáadáa. Etí rèé." Orí méjèèjì wọlẹ̀.

Jímọ̀, 8 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo ti ilẹ̀kùn kí n tó jókòó kọ èyí.

Abo dúdú ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé koríko kiri lẹ́nu, ó túmọ̀ sí pé ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo lọ gbé àpótí kejì nínú balùwẹ̀ àtijọ́. Mo ká tapólì sókè. Ojú méjì ń wò mí nínú àpótí náà. Sísí ni, ó nà gbalaja lórí irun ehoro mi, àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú. Wọ́n ti lajú. Ìrù eku àti egungun eku kún ilẹ̀ yíká.

Mo da tapólì padà. Mo jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Bí mo bá ké, wọ́n á sáré wá, wọ́n á ní mo tì í mọ́lé de ọjọ́ tí màá pa á. Bí mo bá dákẹ́, tó bá jáde fúnra rẹ̀, ta ló máa gbà pé kò sí lọ́wọ́ mi? Mo pe Mọ̀dínátù. Ó ní kí n dì í sínú àpò tòun tọmọ, kí n rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lódì kejì fẹ́ńsì kí ẹnikẹ́ni tó rí mi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe é. Mo ti mú àpò. Lẹ́yìn náà inú bí mi. Kí ni mo jí? Èmi tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ológbò lójú títì, ṣé èmi náà ni yóò tún máa fi àpò gbé ológbò ré fẹ́ńsì bí ológbò gbé ẹja? Mo da àpò nù. Mo lọ bu mílíìkì fún un.

Àbámẹ́ta, 9 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo wọ agbádá. Mo gba iwájú ilé lọ, lójú gbogbo ayé, mo kan ilẹ̀kùn Ìyá Princess. Mo ní kí ó tẹ̀ lé mi. Ó ní láti lọ ṣe kí ni. Mo ní tó bá dé ibẹ̀, á mọ̀.

Mo ká tapólì. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tòun ti aṣọ funfun rẹ̀, ó ki ọwọ́ sínú àpótí, Sísí fi orí nù ún lára.

Nígbà tó pẹ́ ó ní, "Àṣé oyún ni. Mo rò pé ẹja ló ń jẹ jù." Ó mú díẹ̀ nínú irun náà. "Irun ta lèyí?"

Mo ní irun ehoro. Abo mi ló fà á tu láyà.

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún lọ́wọ́ kan náà. Ó ní kí n má bínú. Mo ní mo ti bínú tán, kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ.

"Ṣùgbọ́n Bàbá Mọ̀dínà, ẹ̀yin náà lẹ fà á o. Ta ló ń bó ẹran láwọ? Láti kékeré yín, ewúrẹ́ wo, òkété wo lẹ rí tí wọ́n bó láwọ kí wọ́n tó sè é? Awọ gan-an lẹran. Ẹ bó o, ẹ gé e lórí, ẹ gé e létí, ẹ wá ní ká dá a mọ̀. Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ń wí òkété lọ́nà tí gbogbo àdúgbò fi ń gbọ́ òórùn ẹ̀."

Mo bi Alfa léèrè ohun tí ẹ̀sìn sọ, mo bi fídíò léèrè, n kò bi ìkòkò ọbẹ̀ léèrè. Ìyàwó mi ì bá ti gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ mi.

Àtàláátà, 12 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ìyá Princess gbé Sísí àtàwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri àdúgbò lánàá nínú apẹ̀rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Mo rò pé ó ti parí.

Kò parí. Wọ́n ní ó dáa, kì í ṣe Sísí ni mo pa. Ológbò mìíràn ni.

Jímọ̀, 15 Ọ́gọ́ọ̀sì

Lẹ́yìn ìrun mo dúró de Alfa Abdulsobur. Mo ní bí wòlímọ̀ bá ku ọ̀la, gbangba iwájú ilé mi ni màá ti pa ehoro, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé. Ṣé yóò wá dúńbú wọn fúnra rẹ̀? Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ díẹ̀. Ó bi mí bí òjò bá rọ̀ ńkọ́. Mo ní òjò tó bá fẹ́ rọ̀ kó rọ̀, á bá iná mi níbẹ̀.

Irọ́ ni. Láti ìgbà tó ti sọ ọ́ ni mo ti ń ro òjò.

Abo dúdú ti bímọ, àpótí tuntun ló lò. Sísí kò dá èyí tó gbà padà.

Àìkú, 24 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mọ̀dínátù tún dé. Ó ní òun á kàn gbé ìkòkò ẹran màlúù kan pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Mo ní kó gbé e pamọ́ sí Dópémú.

Ó ní, "Bàbá mi, ọba àgídí ni yín."

Mo ní ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n, òun náà ní púpọ̀ nínú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 30 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò kò rọ̀. Ó ṣú láàárọ̀, mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí, ó sì rọra ré kọjá lọ sí ọ̀nà ibùdókọ̀ Pleasure.

A gbé kéèjì méjì síwájú ilé, a dáná igi. Alfa ká ọwọ́ jálàbíà rẹ̀. Mo di etí àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, ó dá Bísímílà, ó dúńbú. A kò bó ọ̀kankan. A fi wọ́n sórí iná pẹ̀lú orí wọn àti etí wọn, a ń yí wọn títí irun fi jó tán, awọ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àkàrà. Irun jíjó lé àwọn èèyàn wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀. Òórùn awọ tó ń yan ló pè wọ́n jáde padà.

Ìyá Princess kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó ń ha irun tó jó lára wọn, ó ń fi kànìnkànìn fọ̀ wọ́n. Obìnrin tó ń gba fóònù tún kọjá. Ìyá Princess na ọ̀kan sí i.

"Ẹ bá mi wo etí yìí jàre. Ológbò tiyín máa ń létí báyìí ni?"

Obìnrin náà ní òun kò sọ nǹkan kan. Ìyá Princess ní òun mọ̀, òun kàn ń fi etí hàn án ni.

Mọ̀dínátù ń kun ẹran, ó ń fi ata àti àlùbọ́sà pa á. Mo ní kí ó dá gbogbo orí sí lódindi. Kí a fi etí wọn lélẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ní, "Lórí ìrẹsì?"

Mo ní lórí ìrẹsì.

Ó wò mí. Ó gbé àwọn orí náà sọ́tọ̀. N kò rí ìkòkò màlúù kankan. Mo wá a títí dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àtìní, 1 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àárẹ̀ kò jẹ́ kí n kọ ti àná. Mo jókòó kọ ọ́ báyìí.

Qonitah wọ funfun, ó da ìbòrí bojú, ó ka ìkẹ́yìn Kùránì láìṣe àṣìṣe kan, ohùn rẹ̀ sì mọ́ bí omi inú àmù. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní í sunkún. Alfa gbàdúrà, a ṣe àmín, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Tíréè ńlá ńlá ni, ìrẹsì ní ìsàlẹ̀, ẹran lórí rẹ̀, orí ehoro kan láàárín tíréè kọ̀ọ̀kan, etí rẹ̀ nà sókè bí ìka méjì. Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ kánópì ń wo etí náà. Alága wà níwájú tòun ti ìyàwó rẹ̀, ó ń fi ṣíbí ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fara kan ẹran. Bó ṣe ń ṣe làwọn yòókù ń ṣe. Mo wo Mọ̀dínátù, ó wo ilẹ̀. Mo ti ń rí yàrá Dópémú náà, ibi tí wọn yóò tẹ́ ẹní mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì.

Nígbà náà ni Ìyá Princess dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tíì pààrọ̀ aṣọ. Sùtánà wà lọ́rùn rẹ̀, kò wọ bàtà, ó gba àárín àwọn obìnrin oníbòrí kọjá tààrà, ó sì jókòó sídìí tíréè Alága. Ó ní, "Ẹnu tó pariwo ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ó di etí kan mú, ó ṣẹ́ ẹ kúrò lórí, ó jẹ ẹ́. Gbogbo wa ń gbọ́ bó ṣe ń rún un. Ó gbé e mì. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀.

Ìyàwó Alága ló na ọwọ́ tẹ̀ lé e, etí kejì ló mú. Lẹ́yìn náà n kò mọ ẹni tó tẹ̀ lé ta. Mo kàn gbọ́ tí àwọn kan ń pè láti ẹ̀yìn pé tíréè tàwọn kò létí, wọ́n ti yọ ọ́ lọ́nà, kí wọ́n bá àwọn mú èyí tó létí wá. Etí ló kọ́kọ́ tán. Lẹ́yìn náà orí. Lẹ́yìn náà ni mo rí Alága tó ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀.

Nígbà tí èrò lọ tán, Mọ̀dínátù jókòó sídìí àwọn ìkòkò òfo, ó ń fọ̀ wọ́n. Mo dúró kí ó sọ nǹkan. Ó bi mí nígbà wo ni àwọn ọmọ abo dúdú yóò tó já lẹ́nu ọmú, ọ̀rẹ́ òun kan ní ìkómọ. Kò sọ̀rọ̀ Dópémú. Èmi náà kò rán an létí.

Mo jẹ ẹyọ ìbàdí kan. Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ lóòótọ́.

Àlàrúùbá, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà

Alága kanlẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó yí kéèjì ká, ó ní wọ́n mọ́ tónítóní. Mo bi í léèrè bóyá ẹgbẹ́ ló rán an pé oṣù ti parí, kéèjì ṣì wà níbí. Ó ní ẹgbẹ́ kò tíì jókòó lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ọmọ òun obìnrin fẹ́ẹ́ bímọ, òun ń wá ehoro mélòó kan tí òun yóò fi ṣe ìkómọ. Kí n jọ̀ọ́, kí wọ́n ní etí.

Mo ní ehoro ti tán, àwọn tó kù ṣì kéré. Bó bá jẹ́ pé kánjúkánjú ni, kí ó lọ bá Ìyá Princess. Àwọn ọmọ Sísí ti ń dàgbà, awọ wọn sì wà lára wọn.

Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi di kéèjì mú. Èmi kò ráyè rẹ́rìn-ín. Ojú ọ̀run ti ṣú ní apá Solous, koríko tí mo já láàárọ̀ ṣì wà níta.